Ilé Là Ń Wò Ká Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ìtàn Fẹ́ẹ̀nì Inú Àpótí Gíláàsì

Ìtàn tí mo gbé wá lónìí jẹ mọ́ ewé kan tí gbogbo wa mọ̀ nílé, tí a ò sì kà sí nǹkan kan. Ẹni tó bá ti wọ oko ọ̀pẹ rí ti rí i: ewé gígùn tó ní abala wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún lósì bí ìyẹ́ ẹyẹ, tó máa ń so rọ̀ lára ọ̀pẹ, tí kì í tanná, tí kì í so èso. Orúkọ tí à ń pè é yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Fẹ́ẹ̀nì ni òyìnbó ń pe gbogbo ìdílé ewé náà, orúkọ yẹn ni màá lò kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ra wa yé.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ewé? Àwọn ọmọ wa kan ti ń sin ẹran tí àwa ò sìn láyé tiwa: ìjàpá, ọ̀gà, ọ̀pọ̀lọ́, àní ejò pàápàá. Wọ́n á ṣe àpótí gíláàsì fún un, wọ́n á gbin ewé sínú rẹ̀ kó lè jọ igbó. Èmi tí mo ń ta gíláàsì, èmi ni mò ń gé e fún wọn, ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí ni pé ewé wo ló máa pẹ́ níbẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ ò ní le. Ó ti ń lọ sí 200 ọdún báyìí, London ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní apá ìlà oòrùn London, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀, dókítà kan wà tó ń jẹ́ Nathaniel Bagshaw Ward. Ọdún 1791 ni wọ́n bí i. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13, wọ́n fi í sínú ọkọ̀ lọ sí Jamaica, ibẹ̀ ló ti rí igbó tútù, tí ìfẹ́ ewé sì wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó padà dé, iṣẹ́ dókítà ló kọ́, ṣùgbọ́n ewé ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó to òkúta jọ sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Wellclose Square, ó gbin fẹ́ẹ̀nì sára rẹ̀, ó ń bomi rin ín. Wọ́n kú dànù. Kí ló pa wọ́n? Èéfín ni. Èédú tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ni gbogbo London ń dá nígbà náà, nílé àti níléeṣẹ́, èéfín rẹ̀ sì bo ìlú mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ládùúgbò tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ké tọ̀sán-tòru á mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́dún 1829, Ward fẹ́ mọ bí afòpiná ńlá kan ṣe ń jáde látinú èèpo tó wé mọ́ ara rẹ̀. Ó bu ilẹ̀dú tútù sínú ìgò ẹlẹ́nu gbẹ̀ǹgbẹ̀, ó gbé kòkòrò náà sínú rẹ̀, ó dé e. Lójoojúmọ́ ló ń wò ó. Ó rí i pé bí ọ̀sán bá mú, ooru á fa omi jáde látinú ilẹ̀, omi náà á rọ̀ mọ́ ara ìgò bí ìrì, á sì ṣàn padà sínú ilẹ̀. Omi kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, kò ṣòfò. Kí afòpiná tó jáde, Ward ṣàkíyèsí pé nǹkan ń hù nínú ilẹ̀ náà: fẹ́ẹ̀nì kan àti koríko kan. Fẹ́ẹ̀nì tó ti kọ̀ láti yè nínú afẹ́fẹ́ London, òun ló hù fúnra rẹ̀ nínú ìgò tí a dé lẹ́nu!

Ward gbé ìgò náà sí ìta fèrèsé rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi wà níbẹ̀ láìbu omi kankan sí i. Ohun tó wá pa wọ́n ni pé ìdérí ìgò náà dógùn-ún nígbà tí Ward kò sí nílé, òjò wọlé, wọ́n sì jẹrà. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí àpọ̀jù omi ti pa ewé inú àpótí ju òǹgbẹ lọ.

Ẹ lè béèrè pé níbo ni fẹ́ẹ̀nì yẹn ti wá nígbà tí ẹnì kankan ò gbìn ín. Tí ẹ bá yí ewé fẹ́ẹ̀nì tó ti gbó sódì, ẹ ó rí àmì wẹ́wẹ́ tó tò lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú ló wà nínú rẹ̀, ó fúyẹ́ ju èlùbọ́ lọ, atẹ́gùn ló ń gbé e kiri. Láyé àtijọ́, àwọn ará Yúróòpù gbà pé fẹ́ẹ̀nì ní irúgbìn tí ojú ò lè rí, àti pé ẹni tó bá rí i he, ojú ò ní rí òun náà mọ́. Àfẹ́ẹ̀rí tiwọn nìyẹn! Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó ń gbé ní Jamaica, John Lindsay, ló gbin lẹ́búlẹ́bú yìí, tó ń fi ẹ̀rọ amóhun-kékeré-tóbi wò ó títí ó fi hù, wọ́n sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde lọ́dún 1794. Nítorí náà, lẹ́búlẹ́bú fẹ́ẹ̀nì ti wà nínú ilẹ̀dú tí Ward bù. Ibi tó tù ú lára ló ń wá.

Ward ní kí wọ́n fi igi àti gíláàsì kan àpótí tó tóbi. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kó ewé láti òkè òkun, àdánù ló ń bá bọ̀. Iyọ̀ òkun á jó o, oòrùn á pa á, àwọn atukọ̀ ò sì ní fi omi tí wọ́n fẹ́ mu rin ewé. Ní 1833, Ward kó fẹ́ẹ̀nì àti koríko sínú àpótí méjì, ó fi rán ọ̀gá ọkọ̀ kan, Charles Mallard, lọ sí Australia. Lóṣù kọkànlá ọdún náà, Mallard kọ lẹ́tà láti Hobart pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló yè.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní oṣù kejì 1834, wọ́n kó ewé ilẹ̀ Australia sínú àpótí náà ní Sydney, wọ́n dá a padà. Ẹ wo ohun tí wọ́n là kọjá. Nígbà tí wọ́n kúrò ní Sydney, ooru mú gan-an. Nígbà tí wọ́n yí ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù, yìnyín bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìlà tó pín ayé sí méjì, ooru tún gòkè dé nǹkan bíi 49 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Oṣù mélòó ni? Mẹ́jọ. Omi ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò bu ọ̀kan sí i. Ward àti olóko ewé kan tó ń jẹ́ George Loddiges wọ inú ọkọ̀ lọ wò ó, ewé ń dán. Fẹ́ẹ̀nì ilẹ̀ Australia kan tí wọn ò rí láàyè rí ní Britain wà nínú wọn.

Loddiges yìí, oníṣòwò bíi tiwa ni. Ó ní tẹ́lẹ̀, tí òun bá kó ewé 20 wọlé láti òkè òkun, 19 ló máa ń kú. Nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í lo àpótí Ward, 19 ló ń yè. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó tòmátò tàbí ọsàn lójú ọ̀nà jíjìn rí, ẹ ṣírò ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lápò oníṣòwò.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tó fi kúrò ní ti fẹ́ẹ̀nì nìkan. Ìjọba àti àwọn iléeṣẹ́ ńlá rí i pé àpótí yìí lè gbé igi owó. Láàárín 1848 sí 1851, Robert Fortune fi í kó igi tíì láti China lọ sí India, bíi 20,000. Ní 1876, Henry Wickham kó bíi 70,000 kóró rọ́bà láti Brazil wá sí ọgbà Kew ní London. Èyí tó hù nínú wọn ò tó 3,000, àpótí Ward ni wọ́n sì fi kó púpọ̀ nínú wọn lọ sí Ceylon, tó ń jẹ́ Sri Lanka lónìí. Kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀, rọ́bà inú oko Asia ti gba ọjà lọ́wọ́ Brazil tó ni igi. Láti Kew yẹn náà ni irú igi rọ́bà yìí ti dé Nàìjíríà, ní nǹkan bíi 1895. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Benin àti Sapele, tí ẹ bá rí oko rọ́bà, ẹ mọ̀ pé àlejò ni igi yẹn, ó kàn ti di onílé ni. Ohun tó mú ọlà bá ẹnì kan ló tú àwo ẹlòmíràn ká.

Ẹ jẹ́ ká padà sí London. Ward tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1842. Ní 1845, ìjọba Britain mú owó orí kúrò lórí gíláàsì, gíláàsì sì wọ́pọ̀. Ni àpótí fẹ́ẹ̀nì bá wọ yàrá àlejò gbogbo ẹni tó rí já jẹ. Fẹ́ẹ̀nì di àṣà: wọ́n ń ya á sára àwo àti aṣọ, àwọn obìnrin àtọkùnrin ń wọ igbó lọ tú u. Lọ́dún 1855, òǹkọ̀wé Charles Kingsley fún ìwà náà lórúkọ tó túmọ̀ sí wèrè fẹ́ẹ̀nì. Kì í ṣe àwàdà. Fẹ́ẹ̀nì kan wà tí wọ́n ń pè ní fẹ́ẹ̀nì Killarney, ewé rẹ̀ tín-ín-rín débi pé ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá. Ẹ̀bá ìsun omi àti inú ihò àpáta nìkan ló ti ń hù. Wọ́n tú u, wọ́n tà á, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Ireland àti Britain. Títí dòní, òfin ló ń dáàbò bo ìwọ̀nba tó kù. Wọ́n yan èyí tó rẹwà jù, tó sì ṣe ẹlẹgẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kú sọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Ìgbà yẹn náà ni ẹranko wá di ohun àfihàn lẹ́yìn gíláàsì. Ní 1849, ọgbà ẹranko London ṣí ilé kan fún àwọn ẹranko afàyàfà, òun ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ láyé. Ní Jámánì, ní 1884, Johann von Fischer tẹ ìwé kan jáde nípa àpótí ẹranko. Ohun tí orúkọ ìwé náà ń sọ ni àpótí, bí a ṣe ń gbin nǹkan sínú rẹ̀, àti bí a ṣe ń fi ẹranko sínú rẹ̀. Ṣé ẹ rí bó ṣe tò ó? Ewé ló kọ́kọ́ wọlé, kí ẹranko tó wọlé. Ní 1897, àlùfáà kan ní Britain, Gregory Bateman, náà kọ ìwé ńlá lórí sísin ejò, alángbá àti ọ̀pọ̀lọ́ nínú ilé.

Nígbà tó di 1894, wọ́n kó fẹ́ẹ̀nì 200 láti Philadelphia lọ fún olùtajà òdòdó kan nítòsí Boston ní Amẹ́ríkà. Ó rí ọ̀kan nínú wọn tó yàtọ̀: ewé rẹ̀ gùn, ó sì ń tẹ̀ wálẹ̀ dáadáa. Wọ́n mú irú rẹ̀ pọ̀ sí i, wọ́n pè é ní Boston fern. Kì í ṣe ẹwà nìkan ló gbé e dé gbogbo ayé o. Nínú ilé tí ìmọ́lẹ̀ ò pọ̀, tí àwọn ewé mìíràn ti ń kú, ó ń yè. Ìdílé Nephrolepis ló ti wá, ìdílé kan náà pẹ̀lú fẹ́ẹ̀nì tó ń so rọ̀ lára ọ̀pẹ wa. Ohun tí ayé ń fi owó rà, ìbátan rẹ̀ wà lóko bàbá yín.

Ó yá, ewé wo ni ká yàn? Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wo ẹranko náà àti ibi tó ti wá, kí ẹ tó wo ewé.

Tó bá jẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ tó fẹ́ ibi tútù, Boston fern àti ìbátan rẹ̀ ti ilé wa dára. Bí ẹran bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á tún rú. Asplenium tí wọ́n ń pè ní ìtẹ́ ẹyẹ náà dára, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì lè gbé ọ̀pọ̀lọ́ kékeré dúró. Ẹ má bo àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ewé tuntun ti ń yọ. Tí omi bá wà nínú àpótí, fẹ́ẹ̀nì Java lè wà nínú omi pátápátá. Ẹ so ó mọ́ igi tàbí òkúta, ẹ má rì í mọ́lẹ̀, torí tí ẹ bá bo gbòǹgbò rẹ̀, jíjẹrà ló máa jẹrà.

Tó bá jẹ́ ọmọńlé tàbí alángbá tó ń gun igi, ẹ wá Platycerium, èyí tí ewé rẹ̀ jọ ìwo àgbọ̀nrín. Ara igi ló ń gbé, irú rẹ̀ wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí, ó sì lè gbẹ díẹ̀ láàárín ìgbà tí ẹ bá bomi rin ín àti ìgbà mìíràn. Ọ̀gà náà fẹ́ràn ewé láti gùn, ṣùgbọ́n ẹ má fi gíláàsì dé e pa. Atẹ́gùn ló fẹ́. Ẹ jẹ́ kí nẹ́ẹ̀tì pọ̀ lára ilé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gíláàsì ni mò ń tà.

Adiantum, èyí tí ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ọ̀pá rẹ̀ dúdú bí irun, òun ló rẹwà jù lójú ọjà. Tí ilẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ pẹ́nrẹ́n, ewé rẹ̀ á ká kò. Òun ni fẹ́ẹ̀nì Killarney ti àsìkò yìí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìjàpá ní tirẹ̀ á tẹ fẹ́ẹ̀nì pa, á sì tún jẹ ẹ́. Ẹ má gbin fẹ́ẹ̀nì fún un rárá, pàápàá irú èyí tí òyìnbó ń pè ní bracken, torí májèlé wà nínú rẹ̀, ó ti pa màlúù rí. Àwọn alángbá ilẹ̀ gbígbẹ náà ò nílò fẹ́ẹ̀nì. Ilẹ̀ tó tutù fún fẹ́ẹ̀nì á kó àìsàn bá wọn.

Bí ẹ bá ra ewé, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ gbọn ilẹ̀ tó bá a wá dànù, ẹ jẹ́ kó dá wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn tó ń tà á sábà máa ń fọ́n oògùn apakòkòrò sí i, awọ ara ọ̀pọ̀lọ́ sì ń fa ohunkóhun tó bá kàn án mu. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí kí omi lè rí ibi sọ̀ sí. Ẹ rántí ìgò Ward tí òjò wọ̀.

Èyí tó wá gba ìṣọ́ra jù rèé. Àpótí tó ń gbé ewé, ó ń gbé àrùn inú ilẹ̀ pẹ̀lú. Kew lo àpótí Ward títí di 1962, lẹ́yìn náà ayé wá mọ̀ pé kíkó ilẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léwu. Ní ti ọ̀pọ̀lọ́, àrùn kan wà tí wọ́n dá mọ̀ ní 1998, ohun kan bí olú tó kéré débi pé ojú lásán ò rí i ló ń fà á. Òwò ẹranko wà lára ohun tó gbé e kiri ayé. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ ní 2019 pé ó ti dín irú ọ̀pọ̀lọ́ àti ìbátan rẹ̀ tó lé ní 500 kù, àti pé bíi 90 nínú wọn ló ti lè parẹ́ pátápátá. Nítorí náà, ẹ má da omi tàbí ilẹ̀ inú àpótí sí odò tàbí gọ́tà. Ẹran tí ẹ bá ti sìn, ẹ má tú u sílẹ̀ sínú igbó. Ẹ má sì lọ tú gbogbo fẹ́ẹ̀nì ẹ̀bá odò wálẹ̀. Ẹ já díẹ̀, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ kó máa bí.

Ẹ̀yin tí a jọ wà ní Òkè Ọya, ẹ mọ ọyẹ́ wa. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, ètè wa ń là, kí la wá fẹ́ kí fẹ́ẹ̀nì igbó ṣe? Níta gbangba, kíkú ló máa kú. Nínú àpótí tó ní ìdérí, tí omi rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, ó lè yè bó ṣe yè nínú èéfín London. Ẹ má gbé e sínú oòrùn o. Gíláàsì tó wà lójú oòrùn Kánò tàbí Sókótó lóṣù kẹrin, ààrò ni. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn ò kàn tààrà ni kí ẹ gbé e sí.

Ọmọ tó bá sọ pé òun fẹ́ sin ọ̀pọ̀lọ́, ẹ má kàn lé e dànù. Ẹ ní kó kọ́kọ́ gbin fẹ́ẹ̀nì tó lágbára sínú àpótí, kó tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bí fẹ́ẹ̀nì bá yè, a jẹ́ pé ilé náà ti gba àlejò. Bí ó bá kú, ewé la pàdánù, ẹ̀mí kankan ò bá a lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ orúkọ ewé ara ọ̀pẹ yìí ní ìlú tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ire kàbìtì o.